Ohun Tí Mo Sọ Lọ́jọ́ Tí Oòrùn Pa Wá

Bí ẹ bá ń ka èyí nítorí pé dókítà ti sọ fún yín, tàbí fún ẹnì kan nílé yín, pé ooru ló fẹ́ pa á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà kí ẹ tó kà á. Èmi náà ò gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ooru kì í ṣe nǹkan tuntun lójú ẹni tó dàgbà nílẹ̀ wa. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí wa sí, a sì máa ń fi í ṣe àwàdà ni. Àfi ìgbà tó mú èmi àti àbúrò mi lọ́jọ́ kan náà, tó dá ọ̀kan padà, tí kò dá èkejì padà.

Ọmọ Ìwàrà ni mí, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n ń pè mí nílé wa, ṣùgbọ́n ní Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo, níbi tí mo ti wọlé ọkọ, Ìyá Wàsíù ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mí sí. Télọ̀ ni ọkọ mi. Obì ni mo ń tà ní Ọjà Ọba. Láti oko bàbá wa ni obì náà ti ń wá, oko obì àti kòkó tí bàbá fi sílẹ̀ fún èmi àti Délé, àbúrò mi kan ṣoṣo. Délé ló ń ṣe oko, èmi ni mò ń tà. Bí a ṣe pín in nìyẹn láti ìgbà tí bàbá ti kú, a ò sì jà rí lórí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ò jọ èyí tí a mọ̀. Ọyẹ́ fẹ́ díẹ̀, ó sì sá lọ. Òjò àkọ́rọ̀ tó yẹ kó ti rọ̀ ò rọ̀. Páànù ló wà lórí ìsọ̀ mi, páànù náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá fi máa di ọ̀sán, èèyàn ò lè fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Obì tí mo fi ewé dì ń gbẹ mọ́ inú ewé. Ìgbà tí a bá dé ilé, kò sí iná, ara ògiri yàrá á ṣì máa gbóná bíi ti ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìta la máa ń tẹ́ ẹní sí, oorun náà ò sì kún ojú.

Orí fífọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Láti ìpàkọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá gun iwájú orí wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni pajápajá ń mú mi lẹ́sẹ̀ tí mo bá jókòó pẹ́. Tí mo bá dìde, òòyì á kọ́ mi, màá di igi ìsọ̀ mú. Mo lọ ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, mo lò ó, mo tún un lò. Obìnrin tó ń ta orógbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹlòmíràn ní àìsùn ni. Ìtọ̀ mi kéré, ó sì pọ́n, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí gbogbo àwa obìnrin ọjà mọ̀: a kì í mumi tó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nítòsí wa nígbà náà, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí a ó fi palẹ̀ mọ́, a ó kàn máa fi ẹnu tọ́ omi wò ni.

Inú ìyẹn ni mo wà nígbà tí Délé pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn ọmọ kòkó tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ń kú. Ó ní tí òun ò bá bu omi sí wọn títí òjò yóò fi rọ̀, iṣẹ́ ọdún kan ti bọ́ sọ́wọ́ oòrùn nìyẹn. Kò ní kí n wá. Èmi ni mo ní màá wá ràn án lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé Ìwàrà, èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé níbẹ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Adéọlá lorúkọ rẹ̀, obìnrin pẹ́ńpẹ́ tó ní ohùn ńlá. Ó ní ìjọba ti rán àwọn níṣẹ́ láti máa lọ kiri abúlé nítorí ooru tó mú lọ́dún náà, pé ojú ọjọ́ ti yí padà, kò sì ní yéé yí padà. Ó ní kí a máa tètè lọ sóko, kí a sì kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó ká wa mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wà lóko lọ́sàn-án. "Ẹni tí ooru bá mú tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìrànrán," ó ní, "ẹ má fi aṣọ bò ó. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ, kí ẹ tó máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Délé fẹnu sí mi létí, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ débi tí àwọn tó wà nítòsí fi gbọ́. "Àǹtí, ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló máa bá àwọn ọmọ kòkó mi wá ibòji?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Kòkó tó bá kú, a lè gbin òmíràn."

Délé ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ìdájí la jáde ní ọjọ́ kejì, nítorí a ti jọ sọ pé a ó padà kí oòrùn tó le. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wọ̀ wá létí, ẹ má rò pé kò wọ̀ wá létí. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé odò ti gbẹ kọjá bí Délé ṣe fi í sílẹ̀. A ní láti gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, ká jókòó tì í kí omi sun jọ, ká fi ife bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì, ká wá rù ú gòkè lọ síbi àwọn ọmọ kòkó. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí láàárọ̀ ń fà wá lọ. Gbogbo ìgbà la ń sọ pé tí a bá ti bu èyí tán, a ó lọ.

Mo rántí pé òógùn ń ṣàn lára mi bí omi. Lẹ́yìn náà mo ṣàkíyèsí pé kò ṣàn mọ́. Ara mi gbẹ, ó ń gbóná, ó dà bí ìgbà tí èèyàn dúró ti ẹnu ààrò. Inú mi dùn sí i. Mo rò pé oòrùn ti mọ́ mi lára ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: tí òógùn bá dá nígbà tí ooru ò dá, ewu ti wọlé nìyẹn.

Mo bì. Délé gba kẹ́ẹ̀gì lórí mi. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí Fúnmi, ojú yín ti pọ́n jù. Ẹ jókòó." Ó pe Sunday, ọlọ́kadà tó máa ń bá a kó ẹrù, kó wá gbé mi lọ sílé. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó ní kẹ́ẹ̀gì kan péré ló kù. Ohun tó gbẹ̀yìn tí mo rántí ni ọwọ́ rẹ̀ lábíyá mi bó ṣe ń gbé mi dìde. Ọwọ́ náà gbóná gan-an. Mo rò pé ara tèmi ló ń gbóná.

Gbogbo ohun tó kù, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onírúurú ènìyàn débi pé mo ń rí i lójú mi bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Mo sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Wọ́n ní Sunday gbé mi délé, pé bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo ṣubú sí ẹnu ọ̀nà. Màmá Wúràọlá, àbúrò bàbá wa obìnrin, ló wà nílé. Bùnmi, ìyàwó Délé, ti lọ sọ́jà n'Íléṣà láti àárọ̀. Màmá pariwo pe àwọn ará àdúgbò, wọ́n gbé mi wọ yàrá. Sunday ní òun á sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́nà, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní mo ń bú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní mo ń bá bàbá wa sọ̀rọ̀, bàbá tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, pé mo ń bi í léèrè ibi tó kó àpò obì sí. Ara mi ń gbọ̀n. Màmá Wúràọlá ní ibà ńlá ni, pé ó ti gun orí. Ó kó kúbùsù bò mí, ó tún fi aṣọ òkè tirẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n gbé àgbo kaná, kí wọ́n gbé e gbígbóná sábẹ́ aṣọ fún mi kí n lè làágùn. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ló tọ́ èmi àti Délé nígbà tí ìyá wa ò sí mọ́.

Abẹ́ kúbùsù yẹn ni mo wà tí mo fi dákẹ́ díẹ̀, tí mo wá sọ pé, "Ẹ lọ gbé Délé. Ó sùn sábẹ́ igi obì. Ilẹ̀ ń jó o."

Wọ́n ní mo sọ ọ́, mo tún un sọ.

Ọkùnrin aládùúgbò kan dìde, ó ní ṣé kí òun yára dé oko wò. Màmá ní kó jókòó. "Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ibà ń dà láàmú?" ó ní. "Òkú ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti wọ ulé yìí. Ẹ bá mi dì í lẹ́sẹ̀ mú kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe." Màmá ò pe ilé ní ilé rí, ulé ni, bí àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é. Ọkùnrin náà jókòó. Ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú.

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Adéọlá bá wọn. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, kò tiẹ̀ kí ẹnì kankan, ó fa kúbùsù dànù. Màmá di etí kejì kúbùsù náà mú. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí mi.

"Ẹ máa pa á, Màmá."

"Ìwọ ló fẹ́ pa á. Ta ní ń da omi tútù sí oníbà lára?"

"Kì í ṣe ibà, mà. Ẹ fọwọ́ kàn án lábíyá. Ṣé òógùn wà níbẹ̀?"

Màmá fọwọ́ kàn án. Kò sí òógùn. Ó tú kúbùsù sílẹ̀.

Wọ́n gbé mi sí abẹ́ igi kan tó ní ibòji lẹ́yìnkùlé, wọ́n da omi inú àmù sí mi lára, wọ́n rẹ ìró sínú omi, wọ́n tẹ́ ẹ lé mi. Àwọn obìnrin ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ẹni tó ń ta ẹja tútù lójú pópó gbé omi dídì wá, nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó kì í bọ abíyá mi àti ọrùn mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ọkọ̀ gbé mi lọ sí Iléṣà. Nínú gbogbo ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rántí oko mọ́. Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ ohun tí mo sọ, ẹ̀yìn ìgbà tí mo sọ ọ́ ló dé. Kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un.

Ní ilé ìwòsàn, ìlà gùn dé ìta. Wọ́n ní bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: arúgbó tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wá, bíríkìlà kan tó dákú lórí àkàbà, obìnrin olóyún kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó gbé orí lé ògiri. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa omi sí mi lára. Nígbà tí ọkọ mi dé láti Òṣogbo, wọ́n ti mú iná lọ, fáànù dúró, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ń fẹ́ mi títí apá fi ro ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú alfa kan wá pẹ̀lú omi tí wọ́n ké àdúà sí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fẹ́ lé wọn. Ọkọ mi ní, "Alfa, ẹ ṣeun. Bí omi náà bá ti tutù, ẹ jẹ́ ká dà á sí i lórí." Wọ́n dà á sí mi lórí.

Mo lajú ní ọjọ́ kan tí mi ò mọ èwo ni. Òkè àjà ni mo kọ́kọ́ rí. Ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Dókítà ní ooru ti ba kíndìnrín mi jẹ́ díẹ̀, àti iṣan ara mi, pé ó ku díẹ̀ kó ba ọpọlọ. Tí mo bá fẹ́ pe nǹkan, orúkọ rẹ̀ á sá fún mi. Mo pe ife ní bàtà. Mo pe ọkọ mi ní Délé.

Mo béèrè Délé. Wọ́n ní ó wà lóko. Mo tún béèrè, wọ́n ní ó ń bọ̀. Owó ilé ìwòsàn ti le débi pé ọkọ mi ta ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo sì rò pé nítorí ìyẹn ni gbogbo wọn kì í fi í wò mí lójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bùnmi wọlé. Kò kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò di irun rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni?"

"Pé ó sùn sábẹ́ igi obì."

Mi ò mọ ohun tó ń wí. Mo wo ọkọ mi. Ó ti kọjú sí fèrèsé. Bí mo ṣe mọ̀ pé àbúrò mi ti kú nìyẹn.

Bùnmi ló bá a. Ìgbà tó ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́ tó béèrè ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ilé tó jí sí i. Abẹ́ igi obì ló wà lóòótọ́, ó fi ọwọ́ rọ orí. Kẹ́ẹ̀gì tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi kún inú rẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ pé àìsàn yìí a máa dín okun èèyàn kù, pé a máa jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rù oòrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá èmi jà jù lẹ́yìn tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni. Ìlú ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú yàrá ṣe mọ ibi tí àbúrò rẹ̀ sùn sí? Wọ́n ní òkú ló fi hàn án. Àwọn kan ní èmi gan-an ni mo fi í lélẹ̀, pé mo fi ẹ̀mí rẹ̀ gba tèmi, pé ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi lọ tí ọ̀kan fi bọ̀. Ilé wa ò pè mí sí ìsìnkú. Wọ́n ní ara mi ò tíì yá. Obì ò wá láti Ìwàrà mọ́. Tí mo bá pe Màmá Wúràọlá lórí fóònù, á dún títí á fi dákẹ́.

Ohun tó burú jù ni pé mi ò lè dá wọn lóhùn. Mi ò rántí. Mo máa ń jókòó sí Òkè-Baálẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé níbi tí ògiri mọ́ṣáláṣí ti ṣíji bò wá, màá máa wá ohun náà nínú orí ara mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo máa ń rí ọwọ́ gbígbóná yẹn. Lẹ́yìn ọwọ́ yẹn, òfìfo. Ó dé ìgbà kan tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́. Mo bi ọkọ mi pé ṣé ó rò pé mo ní nǹkan kan lára. Ó ní, "Ìyá Wàsíù, ooru lo ní. Jẹ oúnjẹ rẹ."

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Adéọlá pè mí. Ó ní wọ́n ti ní kí àwọn elétò ìlera lọ sí gbogbo ilé tí èèyàn ti kú nínú ooru náà, kí wọ́n béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí òmíràn bá tún dé. Ó ní òun fẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí òun bá ń béèrè nílé wa. Mo ní wọn ò fẹ́ rí mi. Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Ẹ wá."

Ọkọ mi bá mi lọ. Wọ́n fún wa ní àga, wọn ò fún wa lómi. Nọ́ọ̀sì ti pe Sunday wá. Kò tíì sẹ́ni tó bi Sunday ní nǹkan kan láti ọjọ́ yẹn. Lójú gbogbo wọn, ẹni tó gbé mi wá ni, ó sì tán.

Nọ́ọ̀sì ní, "Nígbà tí o dé oko, ta lo bá?"

Sunday ní àwọn méjèèjì. Ó ní Bọ̀dá Délé ló gbé Àǹtí sórí ọ̀kadà. "Mo ní kí Bọ̀dá jẹ́ kí n padà wá gbé wọn. Wọ́n ní rárá, pé ojú ń ṣú àwọn díẹ̀ ni, àwọn á sùn sábẹ́ igi obì kí oòrùn rọlẹ̀. Wọ́n ní, 'Àǹtí, ẹ sọ fún wọn nílé pé abẹ́ igi obì ni mo wà o, kí ẹnì kan wá bá mi.' Àǹtí dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, 'Màá sọ.'" Ó wo ilẹ̀. "Mo rò pé Àǹtí á sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi sọ ọ́."

Bùnmi fi etí ìró bo ojú. Mo gbọ́ ìró òjò lórí páànù. Iṣẹ́ ni Délé rán mi, mo sì jẹ́ ẹ. Orí mi ti lọ, ẹsẹ̀ mi ti lọ, mi ò mọ orúkọ ara mi mọ́, síbẹ̀ mo jẹ́ iṣẹ́ àbúrò mi. Pé ẹnu wèrè ló ti jáde ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Wọ́n bẹ̀ mí ní ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tó dì mí lẹ́sẹ̀ mú bẹ̀ mí. Màmá Wúràọlá nìkan ni kò bẹ̀ mí. Ó dìde, ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Màmá tó bá mi sọ ọ́. Mo ti ń lọ kí i déédéé nígbà náà. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò gbé ojú sókè.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní.

"Kí lẹ gbọ́, Màmá?"

"Ohun tí o wí. Mo ní ìrànrán ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrànrán. Gbogbo ìyókù lo ń pariwo sọ. Èyí, ohùn rẹ dá ṣáká. Ohùn rẹ gan-an ni. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo ní tí ẹnì kankan bá lọ wò ó, tí ó bá lọ jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Mo bá a bó ẹ̀gúsí.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ti kọjá báyìí. Kíndìnrín mi ń ṣiṣẹ́, alihamdulilahi, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ fi ara hàn ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ ka obì. Orúkọ nǹkan ṣì ń sá fún mi, pàápàá tí ooru bá mú. Mi ò lè dúró sí oòrùn ọ̀sán pẹ́. Ní Ọjà Ọba, àwọn elétò ìlera àti àwọn olóyè ọjà ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí páànù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi mímu síbẹ̀, wọ́n sì tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, èyí tí mo rò pé ó ju gbogbo ìyókù lọ. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ń ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn rẹ̀ fún àwọn arúgbó láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ tí ooru bá le. N'Íwàrà, wọ́n ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá tó àkókò láti kúrò lóko. Àwọn kan ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí ẹ bá ní àìsàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé ooru ni. Ẹ mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Tí ẹ bá sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí ooru mú tó ń sọ ohun tí kò yé yín, ẹ máa da omi sí i lára, kí ẹ sì máa fetí sí i. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń sọ ni ìrànrán.

Mo máa ń lọ sí Ìwàrà ní ọ̀sẹ̀ tí ooru bá le jù. Èmi àti Màmá Wúràọlá a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Màmá ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti oko bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa ń dá dúró. Kì í kí wọn. Á kàn ní, "Ta lo fi sílẹ̀ lóko?"

Bí ẹni náà bá ní kò sí ẹnì kankan, á ní kó máa lọ. Bí ó bá dárúkọ ẹnì kan, Màmá ò ní jẹ́ kó kọjá. Á ní kó padà lọ mú un wá.